Ṣé owó ìjọba wà fún ẹni tí àìsàn ọpọlọ ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́? (Òṣogbo)

Àbúrò_Wọn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Òṣogbo àti gbogbo ẹni tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí, láti 2013, wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún, kódà ó ṣì jìnnà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, dókítà ní bipolar ni. Tó bá gbé wọn sókè wọn ò ní sùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á ná gbogbo owó ọwọ́ wọn, tó bá wá já wọn sílẹ̀ báyìí, wíwẹ̀ gan-an á di ogun, wọ́n á kàn kọjú sógiri, wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tẹ́lẹ̀ oògùn ń kápá ẹ̀ dáadáa àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fara dà á fún wọn, ọ̀gá tuntun dé, ó pè wọ́n ó ní kí wọ́n rọra kọ lẹ́tà pé àwọn fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ìyẹn ló níyì jù, kó má di pé wọ́n lé wọn. Wọ́n ti kọ lẹ́tà náà o! Èmi ni mo rí i lórí tábìlì tí mo gbé e pamọ́.

Màmá wa ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀, ká gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Èmi ò ta ko àdúrà. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ pé nílùú òyìnbó ìjọba ń sanwó lóṣooṣù fún irú wọn, ṣé a ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà? Ibo ni mo máa lọ, ṣé Abéèrè, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ni àbí Àbújá? Àti pé ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ka ẹ̀gbọ́n mi mọ́ àkàndá ẹ̀dá, torí ojú wọn pé, ẹsẹ̀ wọn pé, ẹni tó bá pàdé wọn l'Ọ́lá-Ìyá lọ́jọ́ tí ara wọn dá á ní kí ló ṣe eléyìí?

Bàbá_Fáìlì

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Lẹ́tà tó o gbé pamọ́ yẹn, ya á. Mi ò fi ṣeré o. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń fojú èèyàn rí. Ọ̀gá yẹn lè má ní ibi kankan lọ́kàn, ṣùgbọ́n wàhálà tiẹ̀ ló fẹ́ kó kúrò nílẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ.

Owó oṣooṣù bíi ti òyìnbó, a ò ní in. Ẹni tó bá ní òun á bá ọ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ l'Ábújá tó ní kó o mú nǹkan wá, sá fún un. Ohun tó wà ni owó pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra ẹ̀ tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014, ní abala 16, sọ pé ẹni tí dókítà tó kúnjú ìwọ̀n tàbí mẹ́díkà bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, bá jẹ́rìí sí i pé ọpọlọ ẹ̀ tàbí ara ẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà mọ́, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí gba owó tó wà nínú RSA ẹ̀, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, láì dúró di ẹni 50 ọdún. Ọpọlọ wà níbẹ̀ gbangba, kì í ṣe pé èmi ni mo ń fi ọgbọ́n wá a síbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tí kò tíì pé 50, ó dìgbà tó bá fi oṣù mẹ́rin jókòó láìríṣẹ́ kó tó lè béèrè, 25% owó ẹ̀ péré ni wọ́n sì máa fún un, ìyókù á wà níbẹ̀ di ìgbà tó bá pé 50. Ẹnì kan náà, àìsàn kan náà, owó kan náà, lẹ́tà tó kọ ló yàtọ̀!

Lẹ́tà tó yẹ kó kọ ni pé kí wọ́n gbé òun síwájú mẹ́díkà bọ́ọ̀dù. Nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tí kò sùn ọsibítù àmọ́ tí àìsàn ti gba ju ọjọ́ 42 lọ lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín oṣù 12, iwájú bọ́ọ̀dù ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe iwájú ilẹ̀kùn. Kó fún wọn ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé àwọn ti gbà á sórí ọ̀kan, kí ìyẹn wà lọ́wọ́ tìrẹ nílé. Kò gbọdọ̀ sí nínú fáìlì ọ́fíìsì nìkan, torí fáìlì máa ń rin ìrìn àjò.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ ṣé bàbá. Èmi máa dáhùn ti àkàndá ẹ̀dá yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa kà wọ́n mọ́ ọn. Òfin àkàndá ẹ̀dá ti 2018, tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, kò sọ pé ẹsẹ̀ tàbí ojú nìkan, ó dárúkọ àìlera ọpọlọ tó bá ti pẹ́ lára. Dókítà lè fún wọn ní sàtífíkéètì onígbà díẹ̀ tí kò ní kọjá 180 ọjọ́, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà á kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń rí sí àwọn àkàndá ẹ̀dá l'Ábújá kí wọ́n ṣe ti alákalẹ́. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ẹni tó ní àìlera ọpọlọ máa gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, torí ẹ ṣì máa débi tí wọ́n ti ń gbowó. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè àwọn sóṣíà wẹ́fíà nínú ọsibítù, ẹ má dúró lójú fèrèsé owó máa bá akàwé jà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù. Àìmọye lẹ́tà ni mo ti rí tí wọ́n kọ ní ìlà méjì péré, pé lágbájá ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa, oògùn sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Bọ́ọ̀dù rí ìyẹn, wọ́n ní a kú oríire, ó ti yá nìyẹn, máa padà lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ò purọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń rí ẹ̀gbọ́n yín ní kílíníìkì? Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbélé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì: ọjọ́ tí wọn ò sùn, ọjọ́ tí wọ́n ná owó oṣù tán, ẹni tó ń fún wọn lóògùn tí wọn ò bá rántí, ọjọ́ tí ẹ lọ wá wọn dé Old Garage. Ẹ gbé e lọ bá dókítà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi kọ lẹ́tà tó máa sọ ohun tí wọn ò lè ṣe mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti bó ṣe pẹ́ tó, kó má jẹ́ orúkọ àìsàn nìkan.

Ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Àwa Yorùbá, ẹni tó ń ṣàìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó o bá bi í pé báwo ni ara, á ní a dúpẹ́, ara ti ń mókun, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara ẹ̀ pe ibi. Mo ti bá bàbá kan lọ síwájú bọ́ọ̀dù, agbádá ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi fìlà gẹ̀ẹ́lẹ̀gẹ́, dókítà ní ẹ ń sùn dáadáa? Wọ́n ní ìyanu Ọlọ́run ni. Èèyàn tí ìyàwó ẹ̀ ń ṣọ́ lóru! Dókítà kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe? Kí ẹ̀gbọ́n yín fi àdúrà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìdáhùn wọn lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run á dárí jì wọ́n. Kí ẹnì kan nílé sì bá wọn wọlé tí wọ́n bá gbà.

Ọmọ_Òròkí_UK

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tán. Níbí ní UK gan-an, ẹ má rò pé wọ́n kàn ń pín owó. Orúkọ owó tí wọ́n ń fún àkàndá ẹ̀dá níbí ni PIP, fọ́ọ̀mù gbọọrọ ni, èmi ni mo bá ìyàwó mi kọ ọ́. Wọn ò fún èèyàn lówó torí orúkọ àìsàn, máàkì ni wọ́n ń fún un: ṣé o lè se oúnjẹ, ṣé o lè wẹ̀, ṣé o máa ń rántí oògùn, ṣé o lè ṣètò owó ara ẹ, ṣé o lè wà láàárín èèyàn, ṣé o lè dá jáde lọ síbi tó ò mọ̀. Máàkì 8 gba owó kékeré, 12 gba ńlá. Tó o bá tiẹ̀ lè ṣe nǹkan ọ̀hún, wọ́n á tún bi ọ́ bóyá o lè ṣe é láì léwu, bóyá o lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà, àti bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó pọ̀ ju ààbọ̀ lọ. Ẹni tí físà ẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gbowó ìjọba, kó má tiẹ̀ dán an wò. Mo kàn sọ ọ́ kí sísì lè mọ irú ìbéèrè tí wọ́n lè máa dáhùn sínú ìwé kékeré tí nọ́ọ̀sì wí.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèFíà

Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ má bínú sí mi o. Tí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ sínú fáìlì èèyàn báyìí, ta ló máa pa á rẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn lọ́la á wádìí ìdílé. Ṣé dókítà ò lè bá wọn kọ ẹ̀jẹ̀ ríru síbẹ̀ ni, kó sì jẹ́ bọ́ọ̀dù náà ni wọ́n máa lọ?

Bàbá_Fáìlì

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ ìdílé yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù á kàn fi ẹ̀rọ sí i lápá ni, wọ́n á rí i pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa ju tèmi tí mò ń kọ èyí lọ, gbogbo ìwé tó kù á wá di ìwé irọ́. Àti pé ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, gbogbo ọ́fíìsì mọ̀, ta la tún ń fi pamọ́ fún?

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, ló rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, òun náà ò gbà kí agbanisíṣẹ́ lé èèyàn torí pé ó ní àìsàn ọpọlọ tàbí pé ó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Nítorí náà kò sí ìdí tó fi máa sáré. Tí bọ́ọ̀dù bá ní kó sinmi, kó sinmi, tí wọ́n bá ní kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó fúyẹ́, kò burú. Kódà tó bá fẹ̀yìn tì tí ara ẹ̀ wá yá lẹ́yìn náà, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, òfin pẹ́ńṣọ̀n gbà á láyè kó padà sínú ètò.

Àbúrò_Wọn

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Mo ka èsì bàbá sí wọn létí. Wọ́n kọ́kọ́ bínú pé mo wọ yàrá àwọn mú lẹ́tà, lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní wèrè níwájú bọ́ọ̀dù kankan. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fúnra wọn ló ní kí n wá bébà. Mo ti ra ìwé kékeré náà l'Ọ́jà Ọba. Ṣé èmi lè fọwọ́ sí àwọn fọ́ọ̀mù pẹ́ńṣọ̀n fún wọn tó bá débẹ̀ tí ara wọn ò dá?

Bàbá_Fáìlì

Rárá o, àwọn ni kí wọ́n fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ tí ara wọn bá balẹ̀. Ohun tí ìwọ lè bá wọn ṣe nísinsìnyí ni ti NIN. Orúkọ tó wà lórí NIN, ti RSA àti ti báǹkì gbọ́dọ̀ bára mu, tí ọ̀kan bá jẹ́ Olú tí èkejì jẹ́ Oluwa, ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n máa dá ìwé padà. Ẹ lọ tún un ṣe báyìí, ẹ má dúró de èsì bọ́ọ̀dù.