Mo fẹ́ fi iṣẹ́ rédíò àti fíìmù kún ohun tí mò ń kà: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Yorùbá ni mò ń kà ní fásitì níbí ní Adó-Èkìtì, ọdún kejì. Àyè yúníìtì mẹ́fà ṣí sílẹ̀ fún mi láti lọ mú kọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka mìíràn, iṣẹ́ rédíò àti fíìmù ni mo sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kíkọ ọ̀rọ̀ fún rédíò, gbígba ohùn, yíya fídíò, ẹ́díìtì, àti ìtàn iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Èwo ni kí n mú nínú wọn? Fóònù Android kan àti láptọ́ọ̀pù RAM 8GB ni gbogbo ohun èlò tí mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tó máa ń ba iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n Sítúdíò

Gbígba ohùn ni kí o kọ́kọ́ mú, kí ẹ́díìtì tẹ̀ lé e. Bí yúníìtì bá ṣẹ́ kù, mú kíkọ ọ̀rọ̀ fún rédíò. Kámẹ́rà lè dúró. Òǹwòran a máa fara da àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá ti ṣe é gbọ́, wọ́n ti yí i kúrò nìyẹn. Ìtàn iṣẹ́ náà dára, o kàn lè kà á fúnra rẹ ni: pé WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, pé òfin ọdún 1992 ló dá NBC (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́) sílẹ̀ tí àwọn aládàáni fi láǹfààní láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí o tó forúkọ sílẹ̀, ṣírò wákàtí rẹ. Yúníìtì kan tó jẹ́ ti inú kíláàsì, wákàtí 15 ni ní sáà kan. Èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, 45 ni. Ìyẹn ni pé kọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe yúníìtì méjì yóò gba 90 lọ́wọ́ rẹ, àìsùn ẹ́díìtì kò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Má ṣe mú méjì irú rẹ̀ pọ̀ ní sáà kan náà.

Ní ti ohùn, WAV (irú fáìlì tí kì í gé ohunkóhun kúrò lára ohùn) ni kí o máa fi gbà á, 48 kHz, 24-bit. Fi MP3, èyí tó ń fún ohùn pọ̀ kí fáìlì lè kéré, sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa rìn ní àyíká −12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn (0 ni òpin rẹ̀), kí ibi tó bá ti ké jù má kọjá −6. Bí ó bá fi lè kan 0, orí ìró náà ti gé, kò sí ẹ́díìtì tó lè rán an padà. Èyí tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sàn jù, nítorí a lè gbé e sókè. Fi hẹ́ẹ̀dífóònù tó bo etí dáadáa gbọ́ ọ nígbà tí o ń gbà á lọ́wọ́, má dúró dìgbà tí o bá délé.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, gbogbo èèyàn ló ń rántí ìyẹn. Fíríìjì ni ọ̀tá ibẹ̀, torí etí wa ti mọ́ ọn lára. Ìdí ẹ́díìtì ni wàá ti rí i pé gbólóhùn kan ní hùnnn nídìí, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní, nítorí fíríìjì ti dákẹ́ láàárín méjèèjì. Yọ wáyà rẹ̀, kí o sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ sínú fíríìjì náà. Bí o bá fẹ́ jáde, o gbọ́dọ̀ ṣí i, wàá sì rántí tàn án padà kí ẹran onílé tó bàjẹ́.

Yàrá onísìmẹ́ńtì tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì a máa mú kí ohùn dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí o ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ògiri tó dojú kọ ọ́. Kí ẹ tó tú ká, ẹ dákẹ́, kí o gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Òun ni wàá fi dí àlàfo níbi tí o bá ti gé ọ̀rọ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ pa á tì kó dá.

Ìyá Kámẹ́rà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ lórí ohùn, àmọ́ "kámẹ́rà lè dúró" yẹn kò wọ̀ mí létí. Fóònù ọwọ́ ọmọ yìí ti tó láti fi kọ́ ọ, bó bá ti lè jáwọ́ nínú jíjẹ́ kí fóònù máa bá a pinnu.

Àbúrò, iná wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni. Fóònù púpọ̀ ló jẹ́ pé 30 fps (férémù, ìyẹn àwòrán, 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni wọ́n gbé e wá. Bí o bá fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán lábẹ́ iná ọ̀pá funfun inú kíláàsì, ìlà dúdú lè máa rìn lójú fídíò, tàbí kí gbogbo rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Yí i sí 25 fps, kí o fi ṣọ́tà (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún férémù kan) sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kámẹ́rà inú fóònù kò bá gbà, wò ó bóyá fóònù náà gba áàpù Blackmagic Camera, ọ̀fẹ́ ni.

Ìjọ̀gbọ̀n kejì: fóònù kì í ka férémù ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí o bá gba ohùn lọ́tọ̀, tí o wá so wọ́n pọ̀, ẹnu àti ọ̀rọ̀ á bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá yá, ọ̀kan á ti ṣíwájú èkejì. Kì í ṣe ìwọ lo so ó burú. Fi HandBrake, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, yí fídíò náà padà kí o tó gbé e sínú ẹ́díìtì, yan 25 níbi Framerate, kí o sì tẹ Constant. Pàtẹ́wọ́ kan níwájú kámẹ́rà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí ọwọ́ ti kanra nínú àwòrán àti ibi tí "pá!" ti dún ni wàá fi mú méjèèjì bára mu.

Má gbé ẹnikẹ́ni jókòó síwájú fèrèsé. Fóònù á wo ojú ọ̀run, á sì sọ ojú aláwọ̀ dúdú di òjìji. Jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ìka tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù mọ́lẹ̀ títí yóò fi tì í pa síbẹ̀. Níta, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí lẹ́yìn mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan a máa gbẹ́ ihò sójú èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ẹ ṣeun, sà. Mo ń rò ó láti fi Ikogosi ṣe àṣeyẹ̀wò, fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìjòyè kan máa sọ̀rọ̀ níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ṣé máíìkì kékeré tí wọ́n ń fi há àyà aṣọ ti tó?

Ẹ̀gbọ́n Sítúdíò

Ó tó, ṣùgbọ́n rò ó dáadáa ná. Ìjòyè yóò wọ iyùn. Gbogbo ìgbà tó bá mí tàbí tó bá yíra, ìlẹ̀kẹ̀ á kan máíìkì, "kọ́-kọ́-kọ́". O ò sì lè ní kí ìjòyè bọ́ iyùn nítorí rẹ! Há máíìkì náà sí etí fìlà rẹ̀, kí o gba wáyà rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tọrọ gáfárà kí o tó fọwọ́ kan fìlà, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá ọ ṣe é. Bí kò bá gbà, so máíìkì mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹnìkejì rẹ gbé e sókè orí rẹ̀ díẹ̀, kó má sáà wọ inú àwòrán. Tí kò bá sí iyùn, ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni ibi tó yẹ ẹ́. Léèsì àti agbádá tó ti gba sítáàṣì a máa dún sàkàsàkà bí wọ́n bá rá a, nítorí náà fi sẹ́lótéèpù mú aṣọ náà kó má rìn.

Ní ti omi, má gba ọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Ìró omi tó ń ṣàn gba gbogbo àyè tí ohùn èèyàn wà, kò sí bí o ṣe lè sẹ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì bíi sísẹ́ ògì. Kúrò níbẹ̀ títí ìró omi yóò fi di nǹkan ẹ̀yìn lásán nínú hẹ́ẹ̀dífóònù. Padà lọ gba ti omi fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú méjì, kí o wá tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ bó o ṣe fẹ́. Bákan náà ni bí o bá pa èrò dà sí Arinta. Àní, ti Arinta tún le jù, nítorí omi tó ń já látòkè ni.

Olóòtú Òru

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ́díìtì kún un. Láptọ́ọ̀pù 8GB yẹn, DaVinci Resolve, áàpù ẹ́díìtì fídíò, á ṣí lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n á máa wọ́. Ṣẹ̀dá *proxy* (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ́díìtì) kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí o sì ya àwòrán ní 1080p. 4K tó ń gba 100 Mbps, 45GB ló ń jẹ ní wákàtí kan. 1080p tó ń gba 25 Mbps, nǹkan bíi 11GB. Má pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ àfi tó bá ti wà níbi méjì mìíràn, kí ọ̀kan má sì sí nínú báàgì kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Kí bátìrì láptọ́ọ̀pù má ti kú tán, nítorí iná kì í kìlọ̀ kó tó lọ.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra fún dùndún lábẹ́ ọ̀rọ̀. Èèyàn á rò pé orin ẹ̀yìn lásán ni, ṣùgbọ́n ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Etí ẹni tó gbọ́ ìlù á máa tọ ìlù lọ, ọ̀rọ̀ ìjòyè á sì bọ́ sílẹ̀. Fi dùndún síbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí o lo ìlù tí kì í sọ̀rọ̀ tàbí ìró omi yẹn níbi tó kù.

Ìjòyè á sọ Èkìtì pọ́nńbélé, "ulé" ni yóò pe ilé. Má bá a tún un sọ. Àkọlé ìsàlẹ̀ ni kí o kọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò: ìlà méjì péré, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ, kí ó pẹ́ tó kí àgbàlagbà kà á tán. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń dàrú. Ẹ́ àti ọ̀ a máa di àpótí òfìfo tàbí àmì ìbéèrè. Ohun méjì ló ń fà á: o kò tọ́jú fáìlì SRT (fáìlì àkọlé ìsàlẹ̀) ní UTF-8 (ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá), tàbí fọ́ńtì tí o yàn kò ní àmì abẹ́ àti tòkè pa pọ̀. Noto Sans tàbí Charis SIL ní wọn. Bí o bá ń lo Notepad, tẹ Save As, wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Encoding sí, ANSI lè wà níbẹ̀. Yí i padà sí UTF-8 kí o tó tẹ Save, nítorí bí o bá ti fi ANSI tọ́jú rẹ̀, àwọn àmì náà ti lọ, àfi kí o tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.