Ká mú quarterback tuntun, àbí ká gbé ipò wa fún ẹlòmíì?
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ NFL (líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà), ẹ gbà mí lórí ìṣirò kan. Ní 2023, Chicago Bears ló ni ipò kìíní nínú draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ipò-ipò. Wọn ò mú quarterback (ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù), torí Justin Fields ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ipò náà fún Carolina Panthers, wọ́n sì gba ipò 9 àti 61, ipò kan ní 2024, òmíràn ní 2025, àti DJ Moore, agbábọ́ọ̀lù Panthers.

Mo lo tábìlì Jimmy Johnson, tó ń fi máàkì sí ipò draft kọ̀ọ̀kan: ipò kìíní jẹ́ 3000, ìkẹsàn-án 1350, ìkọkànlélọ́gọ́ta 292. Ó ku 1358. Ibẹ̀ ni mo há sí. Àbúrò mi ní Moore nìkan ti dí i, ẹnu lásán!

Báwo lẹ ṣe ń fi iye sí ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àti ipò ọdún tó ń bọ̀ tí a ò tíì mọ nọ́ńbà rẹ̀?