"Ìyàwó igbó" kọ́ o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin níbí, ní ká máa túmọ̀ "bush wife" sí "ìyàwó igbó". "Bush wife" yẹn ni wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin tí ọlọ̀tẹ̀ RUF jí gbé nígbà ogun Sierra Leone, 1991 sí 2002. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò gbà. Ẹ sọ "ìyàwó igbó" létí ọdẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sídìí ọ̀gán tó sì di arẹwà ni yóò rántí. Ti òdìkejì ibodè, ní Nàìjíríà, igbó tí wọ́n ń mu ni wọn yóò kọ́kọ́ rò.

"Ìyàwó" gan-an ló burú jù. Ta ló tọrọ ọmọ? Ta ló gba ìdána? Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó jí i gbé là ń gbèjà. Kétu ló sì yẹ kó tètè fura sí ọ̀rọ̀ yìí: ìjọba Dànhọ̀mẹ̀ tó fọ́ ìlú náà ní 1886, "ahosi", ìyàwó ọba, ló ń pe àwọn obìnrin ajagun rẹ̀. Ìyàwó lẹ́nu, ìbọn lọ́wọ́.

Àwọn kan ní "ẹrúbìnrin". Ó súnmọ́ ọn, kò kárí. Ní oṣù kejì ọdún 2008, àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kọ́ọ̀tù pàtàkì Sierra Leone sọ pé ọ̀ràn náà ju ìfipábánilòpọ̀ lọ: wọ́n so ọmọbìnrin mọ́ ọkùnrin kan, yóò dáná, yóò fọṣọ, yóò ru ẹrù rẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣípò, yóò bímọ, bó bá kọ̀, ó di ìyà. Nítorí náà, àbá tèmi: "àfipásọdaya" fún ẹni náà, "ìfipásọnidaya" fún ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ó gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yọ ipá kúrò nínú rẹ̀.

"Alábàárù" náà kò dáa fún àwọn tí ọlọ̀tẹ̀ fipá mú ru ọta ìbọn. Alábàárù ọjà ń gbowó, ó sì lè ní òun ò rù.

Orúkọ yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí wọ́n ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ajagun ní Sierra Leone, tí wọ́n sì ń ran àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá ní ajagun lòun ní láti mú ìbọn wá, wọ́n sì ń ní kí àwọn kan tú AK-47 kí wọ́n tò ó padà. Ẹni tó ń gún ìrẹsì látàárọ̀ dalẹ́, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n tò? Ẹlòmíì ní ìbọn, ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á kó tó dé ibẹ̀. Nínú àwọn tó lé ní 70,000 tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, obìnrin ò tó 5,000.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fúnra rẹ̀ yàn láti wà lójú ogun. Ní Eritrea, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ajagun EPLF, ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira ilẹ̀ náà, ni obìnrin, ọ̀pọ̀ sì fẹsẹ̀ ara wọn wá. Ẹ pe irú wọn ní àfipásọdaya, ẹ ti bú wọn. Ajagun ni wọ́n. Èyí tó ṣòro ni ọmọbìnrin tó fara mọ́ ọ̀gá kan kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin má baà dà bò ó. Ẹnìkan ní Àjàṣẹ́ dábàá "yíyàn àfòòbẹ̀ṣẹbọ", nítorí bí a ò rádàn, à fòòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹlẹ́bọ ló ń wá òòbẹ̀. Ní ibùdó ọlọ̀tẹ̀, ọmọ náà ni ẹran ẹbọ. "Yíyàn abẹ́ ìbọn" ni mo fara mọ́. Bí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ wá.