Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ awọ ara: báwo ló ṣe pẹ́ tó lára yín?

Àfín Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnìkan bi mí lánàá bóyá òótọ́ ni pé odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń gé e. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Fọkanáísà ni mí, inú òòrùn niṣẹ́ mi. Egbò kékeré kan yọ létí mi òsì, bó bá jiná, á tún là. Ìyá àgbà ní iyọ̀ ni, pé àfín kì í jẹyọ̀. Oṣù 3 ni mo fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ aláìníyọ̀, egbò kò yéé ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ní òòrùn ni.

Wọ́n kọ́kọ́ já díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ 3 kí èsì tó dé, oorun kò kùn mí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, aago 8 ni mo débẹ̀, wọn ò pè mí títí aago 10 fi kọjá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa etí náà kú nìkan ló dùn mí. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e, kèrékèré, létí ara mi, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba lèmi àti nọ́ọ̀sì ń sọ. Ìṣẹ́jú 45, wọ́n ti rán an. Lọ́jọ́ keje, wọ́n tú okùn. Fìlà abetí-ajá ni mò ń dé báyìí, mo sì ń fa etí rẹ̀ bolẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́: Ìṣẹ́jú 45 kẹ̀? Ìyá ọkọ mi lo wákàtí 3 ó lé. Iná ló jó wọn lẹ́sẹ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò jiná tán rí, ó wá ń hù bí olú. Gígé rẹ̀ kò pẹ́. Awọ tí wọ́n bó nítan wọn láti fi bo ojú ibẹ̀ ló gba àkókò. Ọjọ́ 5 ni wọn ò fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀, kí awọ náà lè mú, ọ̀sẹ̀ 2 la sì lò ní wọ́ọ̀dù. Itan tí wọ́n bó ló ń dun Màmá ju ẹsẹ̀ lọ!

Ọmọ Ìpẹru: Ẹni tó sọ pé odindi ọjọ́ kò purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà, aago 8 sí aago 3 ni tirẹ̀, nímú. Wọ́n á bẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á gbé e wò lábẹ́ maikirosikóòpù lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù, wọ́n á tún bẹ́. Mohs ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láwọn ọdún 1930. Ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó: Èmi kì í ṣe àfín o. Àmì dúdú kan ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo rò pé ẹ̀gún oko kòkó ni. Ó ń fẹ̀, mi ò kà á sí. Wákàtí kan ààbọ̀ ni, wọ́n sì yọ kókó kan lábẹ́ itan mi lọ wò, bóyá jẹjẹrẹ náà ti rìn débẹ̀. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé ìka ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kú ní 1981.

Àfín Ìjẹ̀bú-Òde: Bàbá, ẹ kú ewu. Ìgbà wo lẹ padà sóko?

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó: Lẹ́yìn oṣù 2. Bàtà òjò ni mo wọ̀ lọ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn.