Ajílẹ̀ tí mo ń ṣe sẹ́yìn ilé fẹ́ lé mi kúrò nílé o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́yin (Ìbàdàn): Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ni ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ṣáà mọ iye tí wọ́n ń ta ajílẹ̀ òyìnbó báyìí, ẹni tó kàn ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé ò lè rà á mọ́, ni mo bá ní kí n máa kó ìgbẹ́ àwọn adìẹ mi jọ, kí n da ewé àti koríko inú ọgbà pọ̀ mọ́ ọn kó jẹrà. Àfi òórùn! Ó ń ta imú, ó ń ta ojú, bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìyá tó wà ní yàrá kejì, tí kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i, tó máa ń da omi ìfọṣọ síwájú ilẹ̀kùn mi, òun náà ló lọ pe láńlọ́ọ̀dù. Láńlọ́ọ̀dù ní tó bá fi di Sátidé tí òórùn yẹn ṣì wà, kí n wá ilé míì. Ọmọ ìyá yìí kan náà ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru, ẹnikẹ́ni ò bá a wí, mo sì ti fún un lẹ́yin jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ rí o! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè dà sí i kó má rùn mọ́? Mi ò lè kó o dànù.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Ẹ kú ìfaradà mà. Ìgbẹ́ yẹn ti pọ̀ tó, ewé yẹn ti pọ̀ tó? Ewé tútù ni àbí gbígbẹ? Ṣé òjò ń rọ̀ sí i? Ẹ ò sọ ìkankan nínú ẹ̀, ẹjọ́ aládùúgbò lẹ̀ ń rò.

Sisí Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ìgbẹ́ adìẹ, hmm. Nígbà tí mo wà ní Ṣàgámù ẹnì kan tà á fún mi, ó ní ó ti jinná, mo bù ú sídìí ewédú, kò pẹ́ rárá tí etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó pọ́n, ó rọ, gbogbo ebè yẹn ló ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ mo ti gba owó àwọn oníbàárà sílẹ̀. Ti màlúù ni mò ń lò látìgbà yẹn.

Bàbá Ọlọ́sìn: Ẹ wá tapólì ẹ fi wé e pa, òórùn ò ní jáde.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣi obìnrin yìí lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá wé e pa tí afẹ́fẹ́ ò wọlé, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló máa kù. Orí ẹ̀ nìkan ni kí ẹ bò nítorí òjò, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bàbá Ọlọ́sìn: Mo ti ń sin adìẹ kí ẹ tó mọ ajílẹ̀ o.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Ẹ̀yin bàbá ẹ má jà. Ilé adìẹ mi ò dọ̀tí o, àràárọ̀ ni mo ń gbá a. Mi ò sì kàn dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló kọ́ mi. Tí mo bá ti kó ìgbẹ́ síbẹ̀ ni mo ń bu eérú lé e lórí kó lè pa òórùn. Eérú lásán, kò sí kẹ́míkà kankan.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Eérú kẹ̀! Òun gan-an ló ń lé òórùn yẹn jáde. Náítírójìn pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ, tí eérú bá ti kàn án, yóò di gáàsì amóníà, yóò sì fò lọ. Òun ló ń ta yín lójú. Ohun tí ẹ̀fọ́ yín ì bá jẹ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn.

Bàbá Ọlọ́sìn: Eérú dáa, bàbá mi lò ó lóko.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Lóko, bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa fún ilẹ̀ tó bá kan. Kì í ṣe lórí ìgbẹ́ adìẹ tútù. Mà, ewé gbígbẹ lẹ nílò, bíi páànù 3 sí páànù ìgbẹ́ 1.

Sisí Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ewé gbígbẹ, ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Ewé gbígbẹ bí ti báwo? Gbogbo ewé máńgòrò tó bá ti gbẹ ni mo ń sun, òun ni mo fi ń ṣe eérú. Koríko tútù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni mò ń dà sórí ìgbẹ́, torí èyí tó tutù ló ń tètè jẹrà.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Háà, mà! Ẹ ń sun oògùn òórùn yẹn níná. Koríko tútù náà kún fún náítírójìn, ìgbẹ́ àti koríko ò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má sun ewé mọ́. Ẹ tú òkìtì yẹn palẹ̀ lónìí, ẹ fi ewé gbígbẹ pò ó káàkiri, ẹ tún un kó jọ kó ga tó ìbàdí, kẹ́ ẹ wá fi ewé gbígbẹ tó nípọn bo gbogbo ara ẹ̀. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un: tí omi bá ń ṣàn láàárín ìka, ó ti tutù jù, ẹ̀kán kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń ṣe dáadáa, àárín ẹ̀ máa gbóná wọ digirì 55 sí 65, ooru yẹn ló ń pa kòkòrò bíi Salmonella àti èso koríko. Ẹ ki irin bọ àárín ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á yọ, kó gbóná débi pé ẹ ò ní lè dì í mú pẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́yin: Ẹni tó kọ́ mi ò purọ́ fún mi o, ẹ̀fọ́ tiẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́. Ewé tó kù nílẹ̀ ò pọ̀, òjò sì ti rin ín.

Sisí Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ẹ lọ sí sọ́míìlì ní Bódìjà, ẹ ní kí wọ́n bá yín kó ìyẹ̀ pákó.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Ó dáa, ìyẹ̀ pákó á fa omi yẹn mu. Àmọ́ ẹ bi wọ́n dáadáa, ẹ má gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò rẹ. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pé bí oṣù 3 tàbí 4, kó dúdú, kó máa rùn bí ilẹ̀ òjò, kẹ́ ẹ tó bù ú sídìí ẹ̀fọ́.