Kílò mẹ́ta tó kù yìí kò fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ èèyàn kékeré ni mí

Aládìrẹ Òròkí:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ga ní sẹ̀ǹtímítà 157, mo wọn kílò 54, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ níbí ní Òṣogbo. Mo fẹ́ padà sí 51. Mo ti jáwọ́ nínú mínírà, mi ò sì jẹun alẹ́ mọ́, síbẹ̀ síkéèlì ò kúrò lójú kan láti bí oṣù méjì. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń gbọ́, ti àwọn tó sanra ni: “dín oúnjẹ rẹ kù sí ìdajì.” Ti èmi ńkọ́? Ẹ̀bà, àmàlà, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀wà là ń jẹ nílé wa, mi ò lówó oúnjẹ òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ jókòó torí pé mo ti kéré tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkèfìà:
Àbúrò, a ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí o dúró sí. Pín 54 sí ọ̀nà 1.57, ìyẹn gíga rẹ ní mítà, kí o tún pín ohun tó bá jáde sí 1.57 lẹ́ẹ̀kan sí i. Wàá rí nǹkan bíi 21.9, ìyẹn ìwọ̀n ara sí gíga tí wọ́n ń pè ní BMI. Láti 18.5 dé 24.9 ni ìwọ̀n tó dáa fún àgbàlagbà. Tí o bá dé 51, yóò di 20.7, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kílò 46 ni ìsàlẹ̀ pátápátá fún gíga tìrẹ, nítorí náà má jẹ́ kí 51 di 48, kí 48 wá di 46.

Ìdí tí ìmọ̀ràn àwọn tó sanra kò fi bá ọ mu nìyí. Bí o bá sùn sílẹ̀ gbalaja látàárọ̀ dalẹ́, ara tó tó tìrẹ ń ná nǹkan bíi kálórì 1,215. Fi ìjókòó ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ ilé kún un, yóò di bí 1,500. Ẹni tó ń ná 2,500 lè yọ 500 kúrò kí ó ṣì jẹun yó. Bí ìwọ bá yọ 500, ẹgbẹ̀rún kan péré ló kù, ebi á sì lé ọ padà sídìí ìkòkò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Má lọ sísàlẹ̀ 1,200 láìjẹ́ pé dọ́kítà ló ń tọ́ ọ.

Èyí tí o lè yọ ni 200 lójúmọ́. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bíi kálórì 7,700, nítorí náà kílò kan yóò gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ààbọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba bí oṣù mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ó jìnnà létí. Ṣùgbọ́n bí ara kékeré ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, kí ó má dán an wò rárá. Bí nǹkan oṣù rẹ bá dá dúró, tí òtútù ń mú ọ níbi tí kò ti mú ẹlòmíràn, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ tí o bá dìde, oúnjẹ rẹ ò tó nìyẹn. Jẹun padà, kí o sì lọ rí dọ́kítà.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Gbogbo ìṣirò yìí kọ́! Àwọn tíì tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní afọ̀kùn? Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kílò méjì á ti lọ.

Nọ́ọ̀sì Òkèfìà:
Òótọ́ ni pé síkéèlì á sọ̀kalẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá kankan ò lọ. Púpọ̀ nínú tíì bẹ́ẹ̀, ewé sẹ́nà tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú wọn, ìfun ńlá ló sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí, nígbà tí ara ti gba oúnjẹ tán nínú ìfun kékeré. Tí o bá ti mu omi padà, kílò méjì yẹn ti dé. Ẹni tó bá ń mu ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ lè dín kù débi tí ọkàn á máa lù ségesège, ìfun rẹ̀ sì lè má fẹ́ dá ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi lọ̀ ọ́.

Ìyá Olóńjẹ:
Ọmọ mi, epo ńkọ́? O dárúkọ ẹ̀bà, o dárúkọ mínírà, o ò mẹ́nu ba epo. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tàbí òróró jẹ́ kálórì 120. Méjì péré ti kọjá 200 tí nọ́ọ̀sì ní kí o yọ. Gbé ìgbakọ tí o fi ń bu epo, kí o fi ṣíbí ìjẹun bu omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí o ka iye ṣíbí tó gbà. Kí o wá sọ fún wa.

Bí o bá fẹ́ mọ ti gbogbo ilé, kọ déètì sára ìgò epo lọ́jọ́ tí o bá ṣí i. Ìgò sẹ̀ǹtílítà 75 jẹ́ bíi kálórì 6,100. Bí èèyàn méjì bá jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan bíi 218 ló ń wọ ikùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí a tó ka ẹran, kí a tó ka òkèlè.

Aládìrẹ Òròkí:
Ẹ ṣé mà. Ṣíbí mẹ́rin ni ìgbakọ wa gbà! Ìgbakọ méjì ni mò ń bù sí ìkòkò ẹ̀fọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dín epo kù, ẹ̀fọ́ á ṣomi, ẹ̀gbọ́n mi ò sì ní jẹ ẹ́.

Ìyá Olóńjẹ:
Ṣíbí mẹ́jọ nìyẹn, 960. Pín in fún ẹni méjì, ọjọ́ méjì: 240 lójúmọ́ fún ọ. Bu mẹ́rin dípò mẹ́jọ, o ti yọ 120.

Ní ti pé á ṣomi, àìtó epo kọ́ ló ń fà á. Ata tí omi rẹ̀ ò gbẹ àti ẹ̀fọ́ tí a ò fún ni. Lọ tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, dà á sínú ìkòkò láìsí epo, kí o ṣí i sílẹ̀ lórí iná tí kò le jù, kí o máa rò ó títí tí ṣíbí yóò fi máa fa ilà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ilà náà ò ní tètè pa dé. Ìgbà yẹn ni kí o tó da epo ṣíbí mẹ́rin sí i. Nítorí omi ti tán, epo díẹ̀ á dín in, wàá rí i tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Fi irú sí i, fi edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i. Bọ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ nínú omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú kan, fi omi tútù ṣàn án, kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹni ń fún aṣọ, títí omi ò fi ní kán mọ́. Òun ló kẹ́yìn, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní mọ̀ pé epo dín.

Gàrí náà: wọn ọ́n ní gbígbẹ, má wọn ẹ̀bà, torí omi tí o fi tẹ̀ ẹ́ kì í dọ́gba lójoojúmọ́. Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ jẹ́ bíi 350. Bí o bá ń fi 130 tẹ̀ ẹ́, fi 100 tẹ̀ ẹ́: o yọ 105. Àpapọ̀ rẹ̀ di 225. O ti rí 200 rẹ, o ò sì pa oúnjẹ kankan tì. Síkéèlì kékeré ti orí tábìlì ni kí o rà, èyí tó ń ka gíráàmù. Agolo mílíìkì ò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹnì kan á rẹ́ ẹ lórí, ẹlòmíràn á ṣe é ní òkìtì.

Padà sídìí oúnjẹ alẹ́. Ẹni tí kò jẹun alẹ́, ẹ̀pà ni yóò máa fi panu ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, gíráàmù 30, jẹ́ nǹkan bíi 170, kì í sì í yó èèyàn.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Kí ó kúkú pa òkèlè tì pátápátá. Òkèlè ló ń mú ikùn yọ.

Kóòṣì Pápá:
Rárá o, bọ̀ọ̀dá. Bí ó bá pa òkèlè tì lónìí, lọ́la síkéèlì á sọ̀kalẹ̀ kíákíá, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà oúnjẹ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń mú omi bíi gíráàmù mẹ́ta dání. Omi yẹn ló lọ. Lọ́jọ́ tó bá jẹ àmàlà padà, á ní òun ti sanra, á sọ̀rètí nù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́ nìyẹn.

Àǹtí aládìrẹ, ohun tí ẹ ò mẹ́nu bà ni iṣan. Ẹni tó sanra lè pàdánù iṣan díẹ̀ kí ó má hàn. Ẹni kílò 54 tó bá dín oúnjẹ kù láìgbé nǹkan wúwo, á dé 51, á rí i pé ikùn ṣì rọ̀, apá ló wá tín-ín-rín. Ohun méjì ló ń dáàbò bo iṣan.

Èkíní, ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà. Gíráàmù 80 púrótéènì lójúmọ́ ni kí ẹ lé. Ẹyin méjì jẹ́ 12. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 60 tí a fi ṣe mọ́ínmọ́ín jẹ́ bíi 14. Ẹja títù gíráàmù 100 jẹ́ bíi 20. Àyà adìẹ gíráàmù 100 tó ti jinná jẹ́ bíi 30. Ìwọ̀nyí ti di 76, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ á mú ìyókù wá. Ẹ má fi pọ̀nmọ́ ṣírò o, púrótéènì inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí iṣan ń fẹ́.

Èkejì, ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 35 lọ. Ẹ fi ìgò omi lítà kan àbọ̀ mẹ́rin sínú báàgì ìgbéjẹ́yìn, kílò mẹ́fà nìyẹn. Ẹ gbé e kọ́ àyà, kí ẹ jókòó sórí àga kí ẹ sì dìde láìfọwọ́ ti orókún. Ẹ tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ẹ̀yìn gbọọrọ, kí ẹ fa báàgì náà sókè wá sí ikùn. Ẹ fi ọwọ́ ti etí tábìlì tó dúró ire, kí ẹ sọ àyà kalẹ̀ kí ẹ tún tì í padà. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orókún, ẹ gbé ìdí sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ìpele mẹ́ta. Ẹ dúró nígbà tí ó bá ku bí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ṣì lè ṣe. Tí méjìlá bá ti rọrùn ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ìgò kan kún un. Ẹni tí kò bá fi kún un, bó pẹ́ bó yá iṣan á mọ̀ ọ́n lára, á dẹ́kun àtidàgbà.

Ẹ má retí pé dídùbúlẹ̀ kí ẹ tún dìde jókòó (sit-up) nígbà igba á yọ ọ̀rá ikùn. Ara ló ń yan ibi tó ti ń yọ ọ́.

Rírìn dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye rẹ̀. Kìlómítà mẹ́ta kò ju nǹkan bíi kálórì 100 lọ fún ẹni tó kéré. Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Ọlá-Ìyá kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù, tàbí kí ẹ yí Freedom Park ká nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá wá fi gálà àti mínírà sinmi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti san án padà ní ìlọ́po: mínírà sẹ̀ǹtílítà 50 nìkan lè tó 210.

Aládìrẹ Òròkí:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo máa ń gba ààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ṣé kò ní dà á rú?

Kóòṣì Pápá:
Kò ní dà á rú. Ẹ gbé ìdárayá lọ sí Ìṣẹ́gun, Ẹtì àti Àìkú. Ní sààrì, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ògì lásán. Ìṣínu ni ẹ máa ṣọ́: àkàrà mẹ́fà, dòdò àti ògì oníṣúgà lè gba gbogbo ohun tí ààwẹ̀ yọ.

Àǹtí Télọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti síkéèlì. Nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 180 lọ́sẹ̀. Omi ara nìkan lè yí síkéèlì ní kílò kan sí kílò kan àbọ̀, pàápàá tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀ tàbí lẹ́yìn ọbẹ̀ tí Maggi pọ̀ nínú rẹ̀. Báwo ni o ṣe fẹ́ rí 180 nínú ìyẹn? Gun orí rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí o tó mu omi, lórí táìlì líle, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ro ti ọjọ́ méje pọ̀, pín in sí méje. Èsì yẹn ni kí o fi wé ti ọ̀sẹ̀ kan náà ní oṣù tó kọjá, kí ó jẹ́ ìgbà kan náà sí nǹkan oṣù rẹ. Ọ̀sẹ̀ tí o bá bẹ̀rẹ̀ ìdárayá kóòṣì, ó lè lọ sókè, torí ara ríro máa ń di omi mú.

Tépù télọ̀ ló máa tètè sọ òótọ́. Fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, wá orí egungun ìbàdí, àárín àwọn méjèèjì ni kí tépù gbà, kó dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Mí síta bó ṣe yẹ, má fa ikùn wọlé. Kí tépù kan ara láìwọ inú rẹ̀. Bí ó bá fi àmì pupa sílẹ̀, o fà á jù. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tí ó bá fi ju ìdajì íǹṣì yàtọ̀ síra, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Ìbàdí kọ́ ni kí o wọ̀n. Tépù tó ti pẹ́ máa ń fẹ̀, fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbà á gbọ́.

Aládìrẹ Òròkí:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìbéèrè kan ló kù: Àbámẹ́ta. Òde ò lè má sí. Tí mo bá sì dé 51, ṣé bí mo ṣe ń jẹ yìí ni màá máa jẹ lọ títí ayé?

Ìyá Olóńjẹ:
Ọjọ́ márùn-ún tí o yọ igba-igba, 1,000 ni. Àwo ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ dídín, ẹran díndín, mínírà méjì, ó ti lọ níbi ìjókòó kan. Jẹun díẹ̀ nílé kó o tó lọ, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí ebi má bàa bá ọ débẹ̀. Níbẹ̀, mu omi, jẹ ìrẹsì tàbí iyán, má jẹ méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Òkèfìà:
Kì í ṣe títí ayé. Lọ́jọ́ tí ìṣirò ọjọ́ méje rẹ bá dé 51, dá 100 padà, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o tún dá bí 60 padà. Síkéèlì lè gbé díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́; omi ni, fi í sílẹ̀. Ara kílò 51 ń ná kálórì tó dín ní bí 40 sí ti kílò 54, ìyẹn ṣíbí tíì kan òróró lójúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tí o ò ní dá padà nìyẹn. Bí télọ̀ bá sì sọ pé ìró rẹ ti dọ́gba bó o ṣe fẹ́ nígbà tí o wà ní 52, dúró síbẹ̀.