Ìjọba àpapọ̀ tó ní ọba: báwo ni ètò òfin rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Òǹkọ̀tàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ: ilẹ̀ ọba mẹ́fà para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, ọba àpapọ̀ sì wà lórí wọn. Mo fẹ́ kí ètò òfin ibẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá tako ti àpapọ̀ ńkọ́? Bí ọba bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí àbádòfin ńkọ́? Ṣé wọ́n lè pe ọba lẹ́jọ́?

Lọ́yà Àgbà:
Ẹ fi Malaysia ṣe àwòkọ́ṣe. Ìpínlẹ̀ 13 ló wà níbẹ̀, 9 nínú wọn ló ní ọba, àwọn ọba náà ló sì ń yan ọ̀kan láàárín ara wọn sípò ọba àpapọ̀ fún ọdún 5. Síbẹ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló ga ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ má tíì béèrè òfin tó máa lékè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó láṣẹ láti ṣe òfin ọ̀hún rárá. Ibẹ̀ ni irú ìtàn báyìí ti máa ń wọ́. Ìwé òfin wọn pín iṣẹ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti èyí tí wọ́n jọ ni. Ìwà ọ̀daràn jẹ́ ti àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti forí gbárí ni ẹjọ́ ti ń wá. Lọ́jọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé abala 16 nínú 18 tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nínú òfin ṣàríà ìpínlẹ̀ Kelantan. Adájọ́ 8 nínú 9 ló fọwọ́ sí i. Wọn ò ní ṣàríà burú. Wọ́n ní ilé aṣòfin Kelantan kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà ni. Níbi tí ìpínlẹ̀ ti láṣẹ pàápàá, ìjìyà ní òdiwọ̀n: ẹ̀wọ̀n ọdún 3, owó ìtanràn ríngìtì 5,000, pàṣán 6.

Akọ̀wé Kóòtù:
Ní ti ìbuwọ́lùwé, ẹ dá gbèdéke sí i. Ní Malaysia, ọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 30. Bí ó bá kọjá, àbá náà ti dòfin nìyẹn. Bẹljíọ̀mù kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ọba Baudouin kọ̀ láti buwọ́ lu òfin oyún ṣíṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Àwọn mínísítà kéde pé kò lè ṣàkóso, wọ́n buwọ́ lù ú fúnra wọn, ilé aṣòfin sì dá a padà sípò. Ọgbọ́n ni wọ́n fi gbé e gbà, kò sì yẹ kí ẹ gbójú lé ọgbọ́n.

Lọ́yà Àgbà:
Ní Malaysia, pípe ọba lẹ́jọ́ ṣeé ṣe láti 1993. Ilé ẹjọ́ àkànṣe ẹlẹ́ni márùn-ún ló ń gbọ́ ọ: adájọ́ àgbà pátápátá, olórí ilé ẹjọ́ gíga méjèèjì, àti ẹni méjì tí àwọn ọba yàn. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn. Ọba tí wọ́n bá sọ sẹ́wọ̀n ju ọjọ́ kan lọ, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá forí jì í.

Òǹkọ̀tàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé dandan ni kí ilé ẹjọ́ tó ga jù jẹ́ ẹyọ kan?

Akọ̀wé Kóòtù:
Rárá. Nínú àwọn ìlú 7 tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè United Arab Emirates, Dubai ní kóòtù tirẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ náà ni Ras al-Khaimah. Àmọ́ ìjà láàárín ìlú sí ìlú, ọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ló ń lọ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, kóòtù méjì lè túmọ̀ òfin kan náà lọ́nà méjì, nítorí náà, ẹ kọ ẹni tó máa bá wọn yanjú rẹ̀ sínú ìwé òfin yín.